Nelima àti Orúkọ Tí Fóònù Kò Gbà

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni kí n máa fura sí ènìyàn, wọ́n sì ń sanwó rẹ̀ fún mi. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gbé agolo wàrà wọn dé, èmi Taprandich ni mo máa ń ki irin àyẹ̀wò bọ̀ ọ́ láti mọ ẹni tó bu omi mọ́ ọn. Mo ti dá wàrà ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin padà rí lójú gbogbo ayé. Pásítọ̀ wa náà, mo dá tirẹ̀ padà. Ó ní òjò ló rọ̀ sí i. Mo ní òjò wo ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ìdérí agolo? Ìfura loògùn àgbà. Nítorí náà, bí mo bá sọ pé ọjọ́ tí Nelima dé sọ́dọ̀ wa ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ, kí ó má ṣe yà yín lẹ́nu.

Bungoma ló ti wá, ní ìwọ̀-oòrùn Kenya níbí, lọ́dọ̀ àwọn tó ń jẹ adìẹ bí ẹni pé adìẹ ló pa bàbá wọn. Ó kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Nairobi, Alága wa, Maritim, sì gbà á síṣẹ́ kí ó lè gbé ẹgbẹ́ àwọn olùtà wàrà wa lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í bọ́ súwẹ́tà rẹ̀ nítorí òtútù orí òkè wa. Ó gba yàrá kan lẹ́yìn ilé Kogo Chelang'at. Kogo ni à ń pe ìyá àgbà, ṣùgbọ́n bí gbogbo ìlú bá ti ń sọ pé Kogo láìfi orúkọ kún un, Chelang'at ni wọ́n ń wí. Opó ni, màlúù mẹ́ta ló ní, ẹnu rẹ̀ sì mú ju igi tíì tí wọ́n gé lánàá lọ. Ó fẹ́ràn Nelima. Ó máa ń bu ugali, òkèlè àgbàdo wa, sílẹ̀ fún un, ó sì máa ń pè é ní ọmọ mi tí kò sanra.

Ohun tó kọ́kọ́ mú mi fura sí Nelima ni pé tíì tí kò ní wàrà ló ń mu. Nínú ìlú tí wọ́n ti ń fi wàrà wẹ̀! Mo bi í ní ọjọ́ kan, mo ní, “Ìwọ, kí lo mọ̀ nípa wàrà wa tí àwa ò mọ̀?”

“Inú ló máa ń run mí, ẹ̀gbọ́n.”

“Inú ta ni? Inú tìẹ tàbí inú ẹgbẹ́?”

Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò rín in padà.

Ọ́fíìsì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo ti ń yẹ wàrà wò, nítorí náà mo máa ń yọjú sí i bí mo bá ti fọ irin mi tán. Mo bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tó ń bá ara rẹ̀ jà lórí iṣẹ́ tí ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ṣe. Ó ní ẹni náà da gbogbo nǹkan pọ̀, ó sì ń tú u palẹ̀ bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Mo ní kó ṣàlàyé fún mi kí n lè mọ̀ bóyá irọ́ ló ń pa.

“Ẹ wò ó, ẹ̀gbọ́n. Nǹkan méjì ló ń lọ sórí fóònù ọmọ ẹgbẹ́. Ọ̀kan ni ojú-ewé tí ẹ̀rọ ọ́fíìsì kọ fún un, tí orúkọ ẹ̀ wà nínú ẹ̀. Èkejì ni àwọn àṣẹ tí fóònù fúnra ẹ̀ á máa tẹ̀ lé: tí wọ́n bá tẹ ibí, ṣe báyìí, tí wọ́n bá tẹ ọ̀hún, ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi kì í da méjèèjì pọ̀. Ojú-ewé nínú fáìlì tiẹ̀, àṣẹ nínú fáìlì tiẹ̀.”

“Kí ló dé? Ṣé wọ́n ń jà ni?”

“Wọn ò jà. Àmọ́ orúkọ, ẹni tó ni ín ló ń kọ ọ́, mi ò mọ ohun tó máa kọ síbẹ̀. Àṣẹ, èmi nìkan ló yẹ kó kọ ọ́. Tí orúkọ ènìyàn bá wọ àárín àṣẹ, fóònù ò ní mọ̀ pé orúkọ ni. Ó máa rò pé àṣẹ ni.”

“Hẹn-ẹn. Ìwọ náà ń fura sí ènìyàn nìyẹn.”

“Iṣẹ́ mi ni, ẹ̀gbọ́n.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára díẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé a kì í gbọ́kàn lé ohun tó ti ìta wọlé, èmi àti irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè jọ jókòó. Síbẹ̀ mi ò dẹ́kun ṣíṣọ́ ọ.

Nígbà tó yá, ìgbìmọ̀ pàṣẹ pé kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tún orúkọ wọn fi sílẹ̀ lórí wẹ́bùsáìtì kó tó di òpin oṣù. Ẹni tí kò bá ṣe é, a ò ní gba wàrà rẹ̀ mọ́. Ohun tí ènìyàn máa ṣe kò le: kọ orúkọ rẹ bó ṣe wà nínú káàdì ìdánimọ̀ rẹ, ẹ̀rọ ọ́fíìsì á fi ojú-ewé kan tó ní orúkọ náà ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ, wàá tẹ bọ́tìnì kan tó ní “Mo gbà”, ó parí. Nelima ti ṣe é tán, ó sì ń ṣiṣẹ́. Àfi ìgbà tí Alága wọlé.

Mo wà níbẹ̀. Mo gbé irin mi lọ́wọ́, mo fẹ́ béèrè ọṣẹ. Alága wo ojú fóònù náà, ó fajú ro.

“Kò kí ènìyàn.”

Nelima ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà?”

“Ẹ̀rọ yìí, kò kí ènìyàn. Nílùú wa níbí, a kì í bẹ ènìyàn níṣẹ́ láìtíì kí i. Kí ó kọ́kọ́ sọ pé Chamgei, kó pe orúkọ ẹni náà, kó tó ní kó tẹ nǹkankan. Àwọn àgbà ló máa lò ó.”

“Ó dáa, sà. Ẹ fún mi láyè di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí n ṣe é bó ṣe yẹ.”

“Ọ̀sẹ̀ wo? Àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀. Ìkíni lásán! Ṣé ìkíni náà nílò ilé ìwé gíga?”

Ó dúró lé e lórí. Ó ń fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lu tábìlì. Nelima mí kanlẹ̀, ó sì da orúkọ sí àárín àṣẹ, nínú ojú-ewé náà gan-an, ìkíni àti bọ́tìnì sì wà nínú àpò kan náà. Mo gbọ́ tó ń kùn pé òun á padà wá yà á sọ́tọ̀. Ó dán an wò, fóònù kí i, bọ́tìnì ṣiṣẹ́, Alága rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kejì ni wàhálà bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan wà, Joel àti Wesley, ọmọ bàbá kan, ìyá kan. Joel kọ orúkọ, fóònù kí i, ó tẹ bọ́tìnì, wọ́n gbà á. Wesley gba fóònù kan náà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó kọ tirẹ̀, fóònù kò kí i. Ó tẹ bọ́tìnì. Bọ́tìnì kú. Ó tún un tẹ̀ títí àtàǹpàkò rẹ̀ fi pọ́n. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti di mímọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan. Ng'eno kò wọlé. Obìnrin tó ń jẹ́ Ng'etich kò wọlé. Kogo Chelang'at kò wọlé. Ṣùgbọ́n Maritim wọlé, Rotich wọlé, èmi náà wọlé wẹ́rẹ́. Ara mi ò lélẹ̀ nítorí pé mo wọlé. Ohun tó bá rọrùn fún mi báyẹn, mo máa ń wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Ìlú wá di ìlú ìfura. Àwọn kan ní àwọn tó dìbò lòdì sí Alága lọ́dún tó kọjá ni wọ́n ń yọ. Wesley ní ẹ̀gbọ́n òun ló lọ bá wọn sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ kí pápá bàbá wọn lè kù sí i lọ́wọ́. Joel búra, Wesley ní ìbúra pọ̀ lẹ́nu olè. Àwọn méjèèjì tí wọ́n jọ ń fún màlúù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé agolo wá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èmi fúnra mi ń wo Alága. Mo ń wo Nelima pẹ̀lú. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Bọ́tìnì kan kì í déédéé mọ ilé tó yẹ kó wọ̀ àti ilé tó yẹ kó fò.

Nelima kò sùn dáadáa. Ó ń yẹ orúkọ wò, orúkọ lẹ́yìn orúkọ, lára àwọn tó wọlé àti àwọn tí kò wọlé. Ó wá rí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe wà. Ohùn kan wà lédè wa tó jẹ́ pé imú la fi ń pè é. Bí a bá fẹ́ kọ ọ́, a óò kọ n, a óò kọ g, a óò wá fi àmì kékeré kan kọ́ sí òkè lẹ́yìn rẹ̀, tó dà bí èékánná ọmọ ọwọ́. Lang'at. Ng'eno. Chelang'at. Àwọn kan lára wa ti sọ àmì yẹn nù lọ́dọ̀ àwọn akọ̀wé ìjọba tí kò ní sùúrù. Joel jẹ́ Langat nínú káàdì rẹ̀. Wesley jẹ́ Lang'at. Àmì kan ṣoṣo ló wà láàárín ọmọ ìyá méjì.

Bó ṣe rí i, ó yẹ kó wá bá mi. Ó yẹ kó jókòó, kó mu tíì rẹ̀ tí kò ní wàrà, kó rò ó. Ṣùgbọ́n ìdùnnú mú un, ó sáré lọ bá Kogo níbi tó ti ń fún màlúù. Mo wà níbẹ̀, mo wá wo màlúù kan tí ọmú rẹ̀ wú.

“Kogo! Kogo, mo ti rí i! Ẹ kàn yọ àmì kékeré yẹn kúrò lára orúkọ yín, ó máa wọlé lónìí. Èmi á dá a padà láti ọ́fíìsì tó bá yá.”

Ọwọ́ Kogo dúró lára ọmú màlúù.

“Kí n yọ kí ni?”

“Àmì yẹn nìkan. Ẹ kọ ọ́ ní Chelangat.”

“Ta ni Chelangat?”

Nelima wò mí. Mi ò ràn án lọ́wọ́. Kogo bẹ̀rẹ̀ sí í fún wàrà padà, kò sì wo ojú rẹ̀.

“Chelangat ò sí nílé yìí,” ni ó wí. “Lọ wá a níbòmíràn.”

Kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀rọ̀ ti dé gbogbo òkè. Kò dé bó ṣe jáde lẹ́nu Nelima. Ohun tí ìlú gbọ́ ni pé àlejò Bungoma ní kí àwa Kipsigis gé orúkọ wa kí a tó lè ta wàrà wa. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ẹni tí wọ́n ti ń fura sí tẹ́lẹ̀ ti wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ilẹ̀ ti yọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ẹni tó ń ta ẹyin ní ẹyin tán, ẹyin sì kún inú àwo níwájú rẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà kò gbé e. Kogo kò lé e jáde, ṣùgbọ́n kò bu ugali sílẹ̀ mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo rí i pé ẹnì kan ti fi èédú fa ìlà gbọọrọ sára ìlẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ ìlà yẹn. Ní ọdún tí ìdìbò dà wá rú, irú ìlà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fà sílé ẹni tí kì í ṣe tiwa, ilé tí wọ́n bá sì fà á sí kì í pẹ́ jó. Mo fi etí aṣọ mi pa á rẹ́. Mo rò pé kò rí i. Ó ti rí i. Ó dúró lẹ́yìn ilé, ó di àpò rẹ̀ mú.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n máa lọ?”

“Ṣé ìwọ lo ṣe é?”

“Ọwọ́ mi ni.”

“Mi ò bi ọ́ nípa ọwọ́. Ṣé o mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é?”

“Rárá.”

Mo wo ojú rẹ̀ pẹ́. Mi ò ní irin tí wọ́n ń kì bọ ènìyàn. Mo ní, “Bí o bá lọ lónìí, ìwọ lo ṣe é títí ayé. Ìpàdé wà láàárọ̀ ọ̀la. Wá síbẹ̀, kí o fi hàn wọ́n.”

Ìpàdé kún dé ojú ọ̀nà. Ìdí tí wọ́n fi wá ni kí wọ́n lé e kúrò nílùú, kò sí ẹni tó fi bò. Alága jókòó níwájú, ó fẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Wesley ló kọ́kọ́ ké.

“Kó sọ fún wa! Ta ló rán an pé kó gé orúkọ bàbá mi?”

Alága na ọwọ́. “Ẹ fara balẹ̀. Èmi náà, ó yà mí lẹ́nu. Mi ò mọ nǹkankan nípa kọ̀ǹpútà. Ohun tó bá wù ú ló ń ṣe níbẹ̀.”

Inú bí mi débi pé mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. “Alága, irọ́ lẹ pa! Mo wà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ní kí fóònù máa kí ènìyàn. Ó ní kẹ́ ẹ fún òun di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ní ìkíni lásán ni. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín yẹn lẹ fi ń lu tábìlì.”

Ẹnì kan ní, “Taprandich, ṣé ìwọ náà ti ń jẹ adìẹ wọn ni?” Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn. Ẹ̀rí mi ò já mọ́ nǹkankan lójú wọn.

Nelima wá jáde síwájú. Ó na fóònù rẹ̀ sí Wesley.

“Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi kí n má bàa fọwọ́ kàn án. Ẹ kọ orúkọ bàbá tèmi síbẹ̀. Mang'eni.”

Imú ló fi pè é. Bí àwa ṣe ń pe tiwa gan-an ló pè é, ohùn náà jáde tààrà, kò sí ẹni tó lè fi èké pè é bẹ́ẹ̀.

Wesley kọ ọ́. Ó tẹ bọ́tìnì. Ó tún un tẹ̀.

“Ó kú,” ni ó wí.

“Ó kú fún bàbá mi náà,” ni Nelima wí. “Ẹ gbọ́ mi. Nínú àwọn àṣẹ tí fóònù ń tẹ̀ lé, àmì kékeré yẹn ló fi ń mọ ibi tí orúkọ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí. Ojú-ewé ni ibi tí orúkọ yẹ kó wà. Níbẹ̀, àmì yòówù kó ní, kò séwu. Èmi ni mo mú un kúrò níbẹ̀, mo fi sáàárín àṣẹ. Tí fóònù bá ka Lang, tó rí àmì yẹn, ó rò pé orúkọ ti tán. Ìyókù tó kù níta ò yé e. Ló bá dákẹ́, ìkíni dákẹ́, bọ́tìnì náà dákẹ́.”

Kogo ní, “Ó rò pé Chelang ni mí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Kogo.”

“Òpè ni fóònù náà.”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi lọ́tẹ̀ yìí. Nelima kò rẹ́rìn-ín. “Kò gọ̀, Kogo. Èmi ni mo fi í síbi tí kò ti lè mọ̀. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n ṣe é, mo sì ṣe é.”

Ó jókòó sórí agolo kan tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe lójú gbogbo wa. Ó kó gbogbo àṣẹ kúrò nínú ojú-ewé náà, ó dá wọn padà sínú fáìlì tiwọn. Ó fi orúkọ sílẹ̀ nínú ojú-ewé, kí àṣẹ kàn máa wá kà á níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ. Kò sí ẹni tó lọ sílé. Wàrà ń gbóná nínú agolo, mi ò tíì yẹ ẹyọ kan wò. Wesley dúró lẹ́yìn ọrùn rẹ̀ bí ẹni tí yóò mú olè, Joel sì dúró lẹ́yìn Wesley. Nígbà tó parí, ó na fóònù sí Wesley. Wesley kọ orúkọ tirẹ̀. Fóònù kí i: Chamgei, Lang'at. Ó tẹ bọ́tìnì, ó wọlé. Ó yíjú wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ojú ti àwọn méjèèjì.

Kogo náà kọ tirẹ̀, ẹ̀rọ kí i, ó dá a lóhùn sókè bí ẹni tó pàdé ojúlùmọ̀ lọ́jà. Alága ti dìde, ó ní òun ní ìpàdé níbòmíràn.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ìfura wa kì í tètè kú, Wesley sì ṣì ní ìbéèrè kan.

“Kí o tó fi í ránṣẹ́ sí wa, ṣé o ò dán an wò ni?”

“Mo dán an wò.”

“Orúkọ ta lo fi dán an wò?”

“Orúkọ ara mi.”

“Ìwọ kọ́ lo ní Mang'eni lorúkọ bàbá rẹ? Báwo ló ṣe wá gbà ọ́?”

Káàdì ìdánimọ̀ Nelima wà lọ́rùn rẹ̀ lára okùn, bí wọ́n ṣe ń so ó ní ọ́fíìsì. Kogo ló nawọ́, ó fà á mọ́ra, ó gbé e jìnnà sí ojú rẹ̀ bí àwọn àgbà ti ń kàwé.

“Mangeni,” ni ó kà. Man-ge-ni, láìsí imú níbẹ̀ rárá. “Ta lèyí?”

“Èmi ni, Kogo.”

“Ta ló gé e?”

“Akọ̀wé ilé ìwé wa ni. Ọmọdé ni mí nígbà náà. Ó ní àmì yẹn ń dí òun lọ́wọ́. Mo kàn jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.”

Kogo fi káàdì náà sílẹ̀ lọ́wọ́ jẹ́jẹ́, ó sì wo ojú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti yíjú kúrò lára rẹ̀ nídìí màlúù.

“O sì fẹ́ kí tèmi náà lọ bẹ́ẹ̀,” ni ó wí.